Sí Ìyá Mi Tí Mo Gbé Kúrò Nílé

Ìyá mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé ẹ kò mọ̀wé kà. Nígbà tí ẹ wà láyé, gbogbo àdúgbò ló ń gbé lẹ́tà wá kí n bá wọn kà á, ẹ̀yin á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe ń yí ohùn padà fún onílẹ́tà kọ̀ọ̀kan. N kò kọ ọ̀kan sí yín rí. Kí ni mo fẹ́ kọ sí ẹni tí a jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà? Ní báyìí, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi, n kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún. Sùnmọ́nù àbúrò mi kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyàwó mi ti gbọ́ ọ títí ó fi sú u, oorun ló máa ń gbé e lọ bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣì ni aṣojú Bẹ́yẹrúnkà, àdúgbò wa, ní ilé ìgbìmọ̀. Ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bú mi nígbà tí àwọn mọ́gàjí, àwọn olórí agbo ilé wa, yàn mí. Ẹ ní iṣẹ́ tí wọn kì í sanwó rẹ̀, tí wọ́n sì ń bú ìyá ẹni lé e lórí, iṣẹ́ aṣiwèrè ni. Ẹ gbàgbé pé ọwọ́ yín ló ti wá. Ẹ̀yin tí ìrun wákàtí kan kì í bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ̀yin lẹ mú mi lọ sílé ìwé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sì sọ fún olùkọ́ pé kí ó kọ́ mi ní ìwé, ṣùgbọ́n kí ó fi orúkọ tí bàbá mi sọ mí sílẹ̀ bó ṣe wà. Nígbà tí àwọn mọ́gàjí ń wá ẹni tó lè gbọ́ ohun tí òyìnbó wí láìgba ẹnu ògbufọ̀, ta ni wọ́n tún fẹ́ mú?

Iṣẹ́ náà kò yí padà. Ìgbìmọ̀ á jókòó, Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó á ti ibùjókòó ìjọba ní Agodi wá, wọ́n á ní kí á la gọ́tà, kí á bo kànga, kí àwọn tó ń tajà kúrò lójú ọ̀nà ní Ọjà'ba. Èmi á gbé e wá sílé fún àwọn mọ́gàjí, wọ́n á bú mi. N ó wá gbé èébú náà padà lọ sí ìgbìmọ̀, n ó ti fi omi tútù là á, àwọn ìjòyè á ṣì ní àwọn ará Bẹ́yẹrúnkà lórí kunkun. Ọjọ́ tí wólé-wólé wá yẹ omi wò nítorí tanwíjí, tí ẹ ní kí ó kọ́kọ́ lọ yẹ ìkòkò ìyá tirẹ̀ wò, èmi ni mo lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ kò sì bá mi kẹ́dùn.

Àárọ̀ ni àárò yín máa ń sọ mí jù. Kí n tó jí, ẹ ti dá ẹjọ́ tán ní ìloro. Ẹni tí orogún rẹ̀ bú, ẹ ti lé e padà sílé. Ẹni tí ògiri rẹ̀ wó, ẹ ti fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ ní kí ó jókòó dè mí. Nísinsìnyí gbogbo wọn ló ń rọ́ wọlé bá mi lẹ́ẹ̀kan náà, n kò sì mọ èyí tó ń ṣe pàtàkì àti èyí tó kàn ń wá ibi tí yóò ti sunkún.

Ẹ ti ṣa ibi tí ẹ fẹ́ sùn sí. Ẹ máa ń tẹ́ ẹní sí igun yàrá yín lápá fèrèsé, ẹ á ní ibẹ̀ ni kí á sin yín sí, kí ẹ lè máa gbọ́ ariwo àwọn ọmọ. A kò ka ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù. Òkú àgbà kì í sun ìta nílùú wa. Bàbá wa wà ní yàrá tirẹ̀, a lẹ ilẹ̀ lé e lórí, Sùnmọ́nù àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn níbẹ̀, wọ́n á sì kí i kí wọ́n tó jáde láàárọ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sin sínú igbó, ikú burúkú ló kú, tàbí kò ní ẹnìkan.

Lẹ́yìn náà ni lúkúlúkú dé, ikọ́ àti ibà tó ń gbé alágbára ṣubú bí ẹní ń ṣeré. Dókítà òyìnbó sọ fún ìgbìmọ̀ pé òkú tí à ń sin sáàárín alààyè ń fa àìsàn náà gùn. Mo dìde, mo sọ ohun tí àwọn mọ́gàjí rán mi, pé àwa kì í da òkú wa nù. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n sì ṣe òfin náà. Wọ́n fún wa ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n ní aṣojú kọ̀ọ̀kan ni yóò rí i pé àdúgbò tirẹ̀ pa òfin mọ́. N kò ní purọ́ fún yín, apá kan ọkàn mi gbà pẹ̀lú wọn. Mo ti rí ilé kan ní Oníyanrìn tí wọ́n sin bàbá sí yàrá, tí àwọn tó ń sùn ní yàrá náà sì tẹ̀lé e lọ. Ṣé sàréè ló pa wọ́n ni, àbí bí wọ́n ṣe há mọ́ra wọn? N kò mọ̀ títí di òní.

Ráfátù ni àkọ́kọ́ tó kú ní àdúgbò wa lẹ́yìn òfin náà. Ìyá rẹ̀ ni aláró tí ó wà nísàlẹ̀ ilé wa, tí apá rẹ̀ kì í yé dúdú. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ yàrá nígbà tí èmi àti wólé-wólé dé ibẹ̀. Obìnrin náà dì mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Wólé-wólé kò lè fọwọ́ kàn án, ojú ń tì í. Èmi ni mo tú ìka rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pariwo, kò sì ṣépè. Ó kàn wò mí.

“Ó dáa. Ìwọ náà ní ìyá.”

Ẹ gbọ́ ọ, nítorí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Nígbà tí mo délé, ẹ gbé oúnjẹ síwájú mi, ẹ sì wọlé lọ. Kí ni ẹ ń rò nígbà náà? Mo ti fẹ́ bi yín léèrè tó ìgbà mélòó kan, ojo mú mi.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń gbé òkú wọn jáde. Wọ́n ń bú mi, wọ́n ń sunkún, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé wọn jáde. Nígbà tí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Àwọn tí wọn kì í yà sí wa tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà kí yín. Ẹ tilẹ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ní wọ́n wá wo bóyá ẹ ti ń múra.

Ẹ kú kí oòrùn tó yọ. Kí n tó nu omijé ojú mi nù, Sùnmọ́nù ti mú ọkọ́, ó ti ń gbẹ́ igun tí ẹ ṣà. Mọ́gàjí tó dàgbà jù láàárín wọn wọlé, òun nìkan, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

“Sin ìyá ẹ sílé, ọmọ mi. Àwa ò rí nǹkan kan.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Àánú mi ṣe é lóòótọ́, kò tàn mí. Ṣùgbọ́n mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí àwọn ènìyàn tó kún iwájú ilé wa. Ẹnikẹ́ni kò sunkún. Ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n ń wò. Àwọn kan nínú wọn ní aláìsàn nílé, mo mọ̀ wọ́n, mo mọ orúkọ aláìsàn wọn. Bí ẹ bá wọ ilẹ̀ yàrá yín, òkú kankan kò tún ní jáde ní Bẹ́yẹrúnkà. Èmi á sì di ẹni tó fi òfin mú ọmọ aláró, tó wá yọ ìyá tirẹ̀ sílẹ̀.

Mo wọlé, mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ Sùnmọ́nù. Ó bi mí bóyá orí mi dàrú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í da erùpẹ̀ náà padà.

Ẹ̀rù àìsàn kò jẹ́ kí obìnrin kankan fẹ́ wẹ̀ yín. Ìyá Ráfátù ló wá. Kò kí mi, kò wo ojú mi. Ó ti ilẹ̀kùn, ó wẹ̀ yín, ó fi aṣọ funfun wé yín dáadáa, ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. A gbé yín gba Oríta-mẹ́rin níbi tí ẹ ti ń ta òrí, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín sọ ẹrù kalẹ̀ títí a fi kọjá. Nínú igbó lẹ́yìn ìlú, mo rí i pé wọ́n gbẹ́ sàréè yín jìn. Ráfátù wà lápá ọ̀tún yín.

Ẹ máa gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn yín. Òfin náà ṣì wà nígbà tí ìyá ìjòyè ńlá kan kú. Pálọ̀ ilé rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, wọ́n yìnbọn, Ajẹ́lẹ̀ sì rán ènìyàn wá kí wọn. Mo dìde ní ìgbìmọ̀, mo bèèrè bóyá òfin náà ti kú. Àwọn ìjòyè ń wo ilẹ̀. Ẹnìkan ní kí á gbé ọ̀rọ̀ gọ́tà kan. Láti ìgbà náà, oníkálukú ti ń sin òkú rẹ̀ sílé. Àwọn tálákà tó gbọ́ràn nìkan ló kù sínú igbó, ẹ̀yin pẹ̀lú wọn.

Gbogbo ìgbà tí a bá jókòó ni mo ń bèèrè kí wọ́n jẹ́ kí á lọ kó àwọn ènìyàn wa wálé. Wọ́n á ní àìsàn ṣì wà nínú ilẹ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má tú u. Lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí ni ìjòyè kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní wọ́n ti bá àwọn ará Agodi sọ ọ́. Ó ní mo ti ṣiṣẹ́ sin ìlú, kí n yọ́ lọ gbé ìyá mi wálé, ẹnikẹ́ni kò ní bi mí. Mo ní àwọn yòókù ńkọ́? Ó ní kí n fi ti àwọn yòókù sílẹ̀.

Ìyá mi, mo rò ó. Mo rò ó débi pé mo lọ dúró sórí ilẹ̀ yín, mo ń wo ibi tí ọkọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwa tí a ń jókòó ní ìgbìmọ̀ náà, èmi nìkan ni ìyá mi wà nínú igbó. Bí ẹ bá wálé, ta ni yóò tún máa bèèrè Ráfátù? Mo padà lọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjòyè náà, mo ní rárá.

N kò lè fi í pamọ́ fún Sùnmọ́nù. Ó jókòó gbọ́ ọ délẹ̀. Mo rò pé yóò gbá mi létí, ìyẹn ì bá sàn.

“O ti sin ìyá wa lẹ́ẹ̀mejì.”

Ohun tó bá mi sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé àna rẹ̀. Kò sí ariwo ọmọ nílé mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ sọ fún tèmi pé ẹ máa ń wá bá Sùnmọ́nù lójú àlá, pé ara yín dá, ẹ sì ń bèèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ráfátù náà ní ọmọ òun ń wá. Inú mi dùn sí i, ó sì dùn mí. Yàrá yín ni mo ń sùn sí láti ìgbà tí ilé ti dá páropáro. N kò ti ilẹ̀kùn. Ẹ kò tíì wá bá mi rí, àní lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ẹ ń bínú ni? Àbí ẹ rò pé mo ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ? N kò mọ̀ ọ́n, ìyá mi. Bó bá ṣe èébú ni ẹ fẹ́ wá bú mi, ẹ ṣáà wá.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń retí yín.