Epo Wọ Bàbá Rẹ Níka

Lálùpọn, lẹ́bàá Ìbàdàn,
9 Mááṣì, 1964.

Akínwándé, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ pẹ̀lú ìfẹ́ ìyá. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ìwọ àti ìyàwó rẹ nínú àlàáfíà. Àwa níhìn-ín ń jẹ, a ń mu, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ pé ọkàn mi balẹ̀. Jọ̀wọ́, jókòó kí o tó kà á síwájú.

Bàbá rẹ ti pàdánù ìka kan, èyí tí ó tẹ̀lé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún. Ọsibítù ni a ti gé e. Wọ́n wà láàyè, wọ́n sì ti padà sílé, nítorí náà má sunkún kí o tó gbọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀.

O mọ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Láti ìgbà ọyẹ́ ni epo díísù ti ń jò nídìí nọ́súlù rẹ̀, ohun tí ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gẹ́ kún iwájú ahéré, àwọn obìnrin sì ń kánjú nítorí ọjà. Bàbá rẹ fi sípánà dè é, kò gbọ́. Epo náà ń fín bí ìkùukùu, ojú kò rí ibi tí ó ti ń jáde. Wọn kò pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n kàn na ọwọ́ síbẹ̀ láti wá ojú jíjò náà. Mo gbọ́ “Yéè!” lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo wo ìka wọn, kò ju ojú ibi tí ẹ̀gún gún lọ. Wọ́n fi àkísà nù ún, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìka náà ti wú, ó funfun, ó tutù. O mọ̀ pé bàbá rẹ kì í lo oògùn láti ìgbà tí a ti wọ ìjọ. Wọ́n ní kí n bu omi àdúrà wá. Mo bù ú wá, mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà tọkàntọkàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wú dé ọrùn ọwọ́.

Sàníù, ọ̀rẹ́ wọn tí ń tún mọ́tò ṣe ní Alákìá, ni mo ránṣẹ́ pè nítorí ẹ́ńjìnnì. Kò tilẹ̀ dé ìdí rẹ̀. Bí ó ti rí ọwọ́ náà, ó ní, “Subuánáláhì! Ìyá Akínwándé, epo ti wọ inú ẹran ara wọn. Mo ti rí irú rẹ̀ níbi tí a ti ń la títì. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Bàbá rẹ kọ̀. Wọ́n ní Ẹni tí ó dá ọwọ́ àwọn ni yóò tún un ṣe. Mo ní, “Bàbá Akínwándé, tí a bá dé, kí ẹ máa bínú sí mi.” Èmi àti Sàníù la gbé wọn sínú bọ̀lẹ̀kájà.

Nígbà tí dókítà la ọwọ́ náà, òórùn díísù gba gbogbo yàrá. Ó ní bí a bá tún pẹ́ sí i, apá ni ì bá lọ. Ìka ti kú ní tirẹ̀.

Sàníù ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ó pa á, ó jẹ́ kí ó tutù, ó tú nọ́súlù, ó fi wáṣà tuntun sí abẹ́ rẹ̀, ó sì pààrọ̀ páìpù tí ó ti sán. Nígbà tí ó tún mú un ṣiṣẹ́, páálí ni ó nà síbi tí ó ti ń jò tẹ́lẹ̀ láti fi wò ó bóyá ó ṣì ń jò, kì í ṣe ọwọ́. Ìwọ tí o wà nídìí ẹ́ńjìnnì rélùwéè, mo bẹ̀ ọ́, máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti dé, bí bàbá rẹ kò bá fẹ́ omi, wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Arábìnrin Ọmọ́ṣọlá bi mí lójú gbogbo ènìyàn bóyá ìgbàgbọ́ mi ti tán. Bí mo bá ti tètè gbé wọn lọ, bóyá ìka náà ì bá ṣì wà. Èyí ni mo ń rò lójoojúmọ́.

Kí Olúwa máa ṣọ́ ọ nídìí iṣẹ́. Irin kò ní jẹ ọ́. O kò ní fi ẹ̀yà ara wá oúnjẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tí kì í gbàgbé rẹ,
Gbọ́njúbọ́lá.

Àfikún: Bí mo ti ń lẹ ìwé yìí ni bàbá rẹ bi mí pé ta ni mo ń kọ ọ́ sí. Mo ní ìwọ ni. Wọ́n wá ní, “Sọ fún un pé kó wá sílé. Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.”