Òkè Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Wa

Ìṣẹ́gun, 23 oṣù Kẹta, 2021. Sandy Bay, ní àríwá erékùṣù wa.
Ilẹ̀ mì. Ife orí tábìlì sún díẹ̀, ó dúró. Pápá ní ọkọ̀ akẹ́rù ló kọjá. Kò sí ọkọ̀ kankan ní títì.

Ọjọ́bọ̀, 25
Ó tún mì. Láti ìgbà Kérésì ni Arúgbó — bí mo ṣe ń pe Soufrière, òkè ayọnáyèéfín ẹ̀yìn ilé wa, nínú ìwé yìí nìyẹn — ti ń pọ òkúta gbígbóná jáde láti inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sọ lórí rédíò pé ká fara balẹ̀, àwọn ń ṣọ́ ọ.

Ajé, 29
Garvin, àbúrò mi, pè láti Kánádà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú oko olóko. Ó ní ká kó ẹrù wa ká lọ sí Kingstown, olú ìlú wa ní gúúsù. Ká lọ jẹ kí ni níbẹ̀? Òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń dáná ti ti ilẹ̀kùn látìgbà tí kòrónà dé. Ọkọ̀ ojú omi àwọn àlejò ò yà mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kọ́ ilé yìí, òun ló rán wa níléèwé, ṣùgbọ́n ìlú England ò rà á lọ́wọ́ wa bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó kù ni owó tí Garvin ń fi ránṣẹ́, àti árórúùtù Pápá, gbòǹgbò funfun tí wọ́n ń lọ̀ di ìyẹ̀fun ní abúlé Owia. Ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀, lẹ́sẹ̀ Arúgbó. Bí erékùṣù wa ṣe kéré tó yìí, bí nǹkan kan bá já bọ́, kò sẹ́ni tí kò ní bà.

Ẹtì, 2 oṣù Kẹrin. Ẹtì Rere.
Pápá ní ọjọ́ bí òní náà ni Arúgbó bú ní 1979. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Nígbà yẹn ó sá. Nígbà tó padà dé, olè ti kó màlúù rẹ̀ lọ. Ó ní, "Òkè ò jí mi lóhun kan. Èèyàn ló jà mí lólè." Ìdí nìyẹn tí kò fi ní kúrò lẹ́ẹ̀kejì. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wá bọ́ sí ilé ìdáná kó má baà rí ojú mi.

Ajé, 5
Mímì, mímì, mímì. Ajá ò jẹun.

Ọjọ́rú, 7
Mo bá Pápá lọ sóko. Òórùn imí ọjọ́ gba gbogbo ibẹ̀. Ewé ti jóná lápá òkè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Merle ní gúúsù.
"Ìwọ máa lọ. Ọmọdé ló lẹ́sẹ̀ eré."
"Pápá, bí mo bá lọ láìsí yín, kí ni kí n wí fún Garvin?"
Ó gbé ọkọ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 8
Ìjọba kéde: gbogbo àríwá, ẹ jáde. Bọ́ọ̀sì tò sí títì. Èéfín funfun dúró lókè, ó ga. Pápá wò ó títí, ó sì gbà — àfi kí òun kọ́kọ́ lọ tú àwọn ewúrẹ́, kí wọ́n má kú sórí ìso. Ó lọ. Bọ́ọ̀sì kún. Mo sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tì mí wọlé. Mo tún sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́pàá ní bọ́ọ̀sì mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn, yóò gbé Pápá. Mo wọlé.
Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n kó wa sí ní gúúsù ni mo ti ń kọ èyí, lórí àga ọmọ kékeré. Fóònù Pápá ò lọ.

Ẹtì, 9
Ó bú. Láàárọ̀. Àwọsánmà eérú ru sókè, ó ń yí bí ọbẹ̀ tó ń hó. Pápá ò sí láàárín àwọn tó dé.

Àbámẹ́ta, 10
Eérú lórí òrùlé, nínú omi, láàárín eyín. Awakọ̀ kan ní lọ́hùn-ún, ọ̀sán ti di òru. Garvin ń pè. Mi ò gbé e.

Àìkú, 11
Pápá dé.
Ọkọ̀ apẹja ló gbé e, òun àti Màmá Eudine, aládùúgbò wa tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ọmọ Màmá kọ̀ọ̀kan rò pé èkejì ti mú ìyá wọn lọ. Níbi tí Pápá ti ń tú okùn ewúrẹ́ ló ti gbọ́ tí Màmá ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Màmá ní òun ò lè fi ilé òun sílẹ̀. Pápá jókòó tì í, ó ń bẹ̀ ẹ́, títí ilẹ̀ fi mọ́, tí òkè fi bú. Ìgbà náà ló pọ̀n ọ́n. Òkúta ń rọ̀. Ìkòkò ni Màmá dé sórí títí dé etíkun, níbi tí wọ́n ti dúró de ọkọ̀ títí di òní. Òun ló ń ròyìn gbogbo èyí. Eérú wà nínú irun ojú Pápá.
Lọ́sàn-án yìí, Arúgbó kù rìrì lọ́nà jíjìn, fèrèsé gbọ̀n. Pápá gbá ọrùn ọwọ́ mi mú. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kò di mí mú bẹ́ẹ̀ rí.
"Jonelle, ṣé ó ti dákẹ́?"
Mo ní ó ti dákẹ́.
Fèrèsé ṣì ń gbọ̀n. Ọwọ́ kan ni mo fi ń kọ èyí. Pápá ṣì di èkejì mú.