Ẹ̀rọ Náà Béèrè Bóyá Èmi Ni

Ọmọ mi, Má-Fọwọ́-Kan-Tèmi,

Mo kí ọ láàárọ̀, mo kí ọ lálẹ́, nítorí n kò mọ ìgbà tí ìwé yìí yóò bá ọ. Ara ńkọ́? Oúnjẹ ńkọ́, ṣé o ń jẹ ẹ́, àbí ìrònú ni o ń jẹ? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Iwájú rẹ yóò dán, ẹ̀yìn rẹ kò ní ṣókùnkùn. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ.

Àlàáfíà ni a wà, bí a bá yọ ti àyà mi tó ń já kúrò. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn tún ti ń jò, mo gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan jọ ọ́ nínú agídí. Ìwé ni mo kọ nítorí n kò fọkàn tán fóònù mọ́. Láti ìgbà tí o ti sọ pé ilé iṣẹ́ rẹ ní kí o jókòó sílé títí wọn yóò fi wádìí ọ̀rọ̀ fóònù yìí tán, àdúrà ni mo ń gbà kiri ilé. O ní kí n má dààmú, ṣùgbọ́n ìyá ni mí. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí o lè kà á sí ọ̀gá rẹ létí.

Fóònù tí o fi ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni o fún mi nígbà tí o ra tuntun. O pa àwọn fọ́tò rẹ rẹ́, o sì fi ohùn bàbá rẹ sílẹ̀ fún mi, èyí tó sọ láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ohun tí kò wá sọ́kàn èmi àti ìwọ ni pé ilé iṣẹ́ rẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Mo rò pé bí ènìyàn bá kó jáde nínú ilé, ọ̀gá rẹ̀ náà á bá a kó lọ.

O sì mọ ìṣe wa níbí. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń gba iná sí fóònù, nítorí òun ló ní jẹnẹrétọ̀. A máa ń kọ nọ́ḿbà tí a fi ń ṣí fóònù sórí bébà, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó lè ka iṣẹ́ tí àwọn ọmọ bá fi ránṣẹ́, kí ó sì ké e sí wa láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tòun ti abẹ lọ́wọ́. Bí gbogbo àdúgbò ṣe gbọ́ pé o ti rí ẹni tí o fẹ́ fẹ́ kí n tó gbọ́ nìyẹn. Olè kò jà níbẹ̀ rí. Èmi rò pé ohun tí gbogbo ojú ń wò, òun ni kì í sọnù.

Lọ́jọ́ náà, mo ń sá aṣọ nígbà tí onígbàjámọ̀ ké sí mi pé ilé iṣẹ́ ọmọ mi ń béèrè lórí fóònù pé ẹnì kan fẹ́ wọlé, ṣé èmi ni. Ó ní òun ti tẹ rárá lẹ́ẹ̀mejì, nítorí òun kì í ṣe èmi, ṣùgbọ́n wọn ò yé béèrè. Mo bá a wí pé ìwà àrífín ni, pé ṣé báyìí ni wọ́n ń dá ilé iṣẹ́ ọmọ ẹni lóhùn. A kì í sọ fún àlejò pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé nígbà tí èéfín ń yọ lórí ààrò. Ìka ara mi ni mo fi tẹ bẹ́ẹ̀ ni, mo tún kí wọn kú iṣẹ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù náà kú mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tó jí, ó dà bí ọmọ tuntun, ó ń béèrè èdè tí mò ń sọ. Ọjọ́ kejì ni o pè sórí fóònù onígbàjámọ̀, tí o ṣàlàyé pé olè tó ti mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ ló ń kan ilẹ̀kùn, pé ìbéèrè yẹn ni ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo tó kù, èmi ni mo sì ní kí ẹ̀ṣọ́ yà fún un. O ní ilé iṣẹ́ ló nu inú fóònù náà láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n nu tiwọn, wọ́n nu tèmi mọ́ ọn. Onígbàjámọ̀ ní irun tí òun bá fá máa ń hù padà, kí n ṣe sùúrù.

O ní ibi tí olè náà wọ̀ ni ẹ ń kó ìwé àwọn aláìsàn sí, nínú ohun tí ẹ ń pè ní àwọsánmà. Má rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé kì í ṣe ti òjò. Mo kà á nínú ìwé ìròyìn pé ilé ni, orí ilẹ̀ ló wà, ẹ̀rọ ló kún inú rẹ̀. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń pè é ní ohun ojú ọ̀run? Ó jọ pé àwọn tó ni ín kò fẹ́ kí a béèrè àdírẹ́sì. Àwọn aláìsàn yẹn ló ń dùn mí. Èmi tí n kò tíì lè sọ àrùn tó pa bàbá rẹ fún àbúrò rẹ̀, mo wá ṣílẹ̀kùn ti ẹlòmíràn fún àjèjì.

Síbẹ̀, rọra bi ọ̀gá rẹ ní ìbéèrè kan fún mi. Bí ẹrù yẹn bá ṣe iyebíye tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ inú fóònù tí ọmọ mi fi owó ara rẹ̀ rà ni wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sí? Ògiri tó bá lanu ni aláǹgbá ń wọ̀, mo sì gbà pé èmi ni mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ògiri náà sí ẹ̀yìnkùlé mi?

A ti ṣí gbogbo bébà kúrò lẹ́yìn fóònù. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí n wá jẹ́rìí níwájú wọn pé ìka mi ni, kì í ṣe tìrẹ. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ra fóònù kékeré tí kò sí ilé iṣẹ́ kankan nínú rẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ rẹ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó ń wá ìṣubú rẹ kò ní mọ nọ́ḿbà ilẹ̀kùn rẹ láéláé.

Kí n má gbàgbé. Bi wọ́n bóyá nínú àwọsánmà wọn, ohùn ọkùnrin àgbàlagbà kan ṣì wà níbẹ̀ tó ń wúkọ́ díẹ̀, tó ń béèrè pé ṣé mo ti ti ilẹ̀kùn. Kò sí àṣírí kankan nínú rẹ̀. Kí n tó sùn ni mo máa ń jẹ́ kó béèrè, mo sì máa ń dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Bóyá ohun tó fà á nìyẹn, ó ti mọ́ mi lára láti máa sọ bẹ́ẹ̀ ni fún fóònù yẹn. Bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n bá mi sọ fún un pé mo ti tì í.

Èmi ni lóòótọ́,
Ìyá rẹ.