Epo Tó Ń Pọ̀ Sí I Nínú Ọkọ̀ Bàbá Rẹ

Marsby,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Janine ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù Leeds kò mú ọ jù? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àgùntàn nínú ìkùukùu ilẹ̀ àbàtà wa yìí yóò ṣọ́ ọ láàárín àwọn ilé gíga yẹn, kò ní jẹ́ kí o pàdé ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín sí ọ kó tó tàn ọ́ jẹ. Àmín. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé fóònù tí o rà fún mi wà nínú agolo búrẹ́dì, mo sì ti dé e pa. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún bàbá rẹ pé ẹsẹ̀ ń ro mí, kò pé wákàtí kan tí fóònù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàtà hàn mí. Èmi kò bá a sọ̀rọ̀ o, bàbá rẹ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ara wa le díẹ̀. Adìẹ méjì ti dáwọ́ ẹyin yíyé dúró, mo mọ ìdí rẹ̀ ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹ̀rí. Báńkì wa àtijọ́ ti di ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí, wọ́n sì kó wa lọ sí òmíràn tí a kò rí ojú ẹnì kankan níbẹ̀ rí. Nínú oṣù Kejì ni wọ́n fi káàdì tuntun ránṣẹ́ sí bàbá rẹ. Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́tà mìíràn tún dé, kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ni mo bá ṣí i. Ó ní nọ́ńbà kan wà lábẹ́ ojú dúdú tí a óò ha, kí a má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà kí a má sọ ọ́ fún báńkì gan-an. Janine, báńkì wo ló ń kọ̀wé pé kí a má bá òun sọ̀rọ̀? Mo mọ̀ pé olè ni. Mo jù ú sínú iná, n kò sì jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́, kí àyà rẹ̀ má bàa já.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí ìwé kíkọ gan-an nìyí: mo ń fura sí bàbá rẹ. O mọ ọkọ̀ tó ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ kàn nínú gáráàjì láti ọdún mẹ́sàn-án, tí kò ní òrùlé, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí èèyàn ń gbé ẹsẹ̀ wọ̀ bí ẹni wọ ọpọ́n ìwẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pupa wa àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, èyí tí a fi gbé ọ wálé láti ilé ìwòsàn nígbà tí mo bí ọ. Ó ní ọ̀dọ̀ rẹ ni òun yóò kọ́kọ́ wà á lọ, kí o lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Láti ìgbà ìrúwé ló ti yẹ kó wá. Kò wá. Epo ló ń wọ̀n kiri. Láti ibí sí ọ̀dọ̀ rẹ, àlọ àti àbọ̀, àádọ́sàn-án máìlì ni. Gálọ̀nù mẹ́rin péré ni táǹkì rẹ̀ ń gbà, gálọ̀nù kan sì ń gbé e rin máìlì méjìdínlógójì. Ó ku máìlì méjìdínlógún kó pé, òun ló ń wá tọ̀sán-tòru. Ó ní òun kò ní yà ní ilé epo kankan lójú ọ̀nà. Mo bi í pé ṣé èèwọ̀ ilé bàbá rẹ̀ ni ilé epo. Ó ní ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni, kò lè yé mi.

Nítorí kí ọkọ̀ náà lè fúyẹ́, ó ti yọ táyà àpamọ́, ó ti yọ ohun tó ń mú ẹsẹ̀ gbóná, ó ń lu irin ní ihò bí ẹni pé kòkòrò ló jẹ ẹ́. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì ló fi ń wọn ìdè irin. Eyín àtọwọ́dá rẹ̀, ó ń yọ ọ́ sórí tábìlì kó tó wa ọkọ̀ jáde. Kò jẹ púdìn mọ́. Bó bá dé, yóò kọ iye máìlì sínú ìwé kékeré kan, èyí tí kò bá tó, yóò fa ìlà pupa sí i nídìí. Lóṣù tó kọjá ló yọ ìjókòó mi. Ìjókòó èmi ìyàwó rẹ̀! Ó wà nílẹ̀ nínú gáráàjì, ológbò ló ń sùn sórí rẹ̀.

Ó tún ní ìjọba ti ń po ọtí mọ́ epo, ìdá kan nínú mẹ́wàá, pé ọtí náà ń jẹ rọ́bà inú ẹ́ńjìnnì àgbà, kì í sì í jẹ́ kí epo rìn jìnnà. O mọ̀ pé láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti búra ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọtí kò ní wọ ilé mi. Ìdámẹ́wàá gan-an, bí ẹni ń san án fún èṣù! Mo bi í pé bí ọlọ́pàá bá dá a dúró, ẹnu ta ni wọn yóò ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó mutí, ṣé ẹnu rẹ̀ ni àbí ẹnu páìpù èéfín. 

Láràárọ̀ ni mo tún ń gbọ́ ọ nínú ilé ìwẹ̀ tó ń rọra dárúkọ obìnrin. Mavis. Noreen. Pauline. N kò mọ ọ̀kankan nínú wọn.

Wá gbọ́. Ọkọ̀ náà kò ní ohun tó ń fi epo hàn, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń kì bọ táǹkì. Èmi náà mú ọ̀kan nínú irin tí mo fi ń hun súwẹ́tà rẹ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kó tó jáde, mo kì í bọ̀ ọ́, epo dé ìdajì irin. Ó ní òun ń lọ yí ilẹ̀ àbàtà ká. Nígbà tó dé tó lọ fọwọ́, mo tún kì í bọ̀ ọ́, epo ti gun òkè. Ó jáde, ó rìn, ó padà, epo wá pọ̀ sí i! Mo ti gbọ́ nípa ọkọ̀ tí kì í jẹ epo, n kò tíì gbọ́ nípa èyí tó ń pọn epo bọ̀ wálé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo wọ bọ́ọ̀sì. Ẹnu ọ̀nà Hilda Wragg ni mo ti rí ọkọ̀ náà, Hilda opó tó ń fa epo fún gbogbo abúlé yìí fún ọgbọ̀n ọdún, kí wọ́n tó ti ilé epo rẹ̀ nínú oṣù Kejì. Ọkùnrin tí kò jẹ púdìn nílé ní ibi tó ti ń jẹ ẹ́. Ọ̀la ni mo ń lọ ká Hilda mọ́lé.

Ọjọ́ Àìkú.

Janine, n kò fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Mo dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì lọ bá Hilda. Mo ní kó sọ ohun tí ọkọ mi ń wá nílé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Ó ní Beryl, ìwọ obìnrin yìí, ta ló fẹ́ gba Desmond lọ́wọ́ ẹ, àgbàlagbà tó ń rùn fún epo, tí kò léyín lẹ́nu? Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, ó fi agolo epo hàn mí. Òun ló ń bá a rà á bọ̀ láti ìlú, bàbá rẹ sì ń bá a tún ẹ̀rọ tó fi ń gé koríko ṣe. Mo ní kí ló dé tí kò lè lọ rà á fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní òun ti ṣèlérí pé òun kò ní sọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ti lè dé fìlà yẹn wá, ó sàn kí òun sọ.

Ó ní nínú oṣù Kẹta, bàbá rẹ lọ sí ilé epo tuntun tó wà nílùú, èyí tí kò sí èèyàn níbẹ̀, ẹ̀rọ nìkan. Ó ti káàdì tuntun bọ̀ ọ́, ó tẹ nọ́ńbà tó ti ń tẹ̀ láti ogún ọdún. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, káàdì bá tì pa, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń fọn fèrè mọ́ ọn. Ọwọ́ ló fi ti ọkọ̀ kúrò níbẹ̀. Ó wá jókòó sí ilé ìdáná Hilda. Ó ní Hilda, orí mi ti ń dàrú bíi ti bàbá mi. Ó ní má sọ fún Beryl o, bí Beryl àti Janine bá gbọ́, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí òun ṣáà dé ọ̀dọ̀ Janine lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí òun ṣì mọ ọ̀nà.

Mo ní ṣé kò lè gbé agolo dání ni. Hilda ní òun ti bi í, ó ní ẹni tó bá gbé epo sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù èéfín tó ń yọ iná, kó kọ ìwé ogún rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní ilé epo tí èèyàn ṣì wà ńkọ́? Hilda ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Ọmọ mi, mo jókòó sórí àpótí ẹyin. Nọ́ńbà tí bàbá rẹ rò pé òun gbàgbé, wọn kò fún un rí. Èmi ni mo jó o mọ́ lẹ́tà báńkì yẹn. Àwọn Mavis àti Noreen yẹn, Hilda ní àwọn tí òun àti bàbá rẹ jọ wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ ni. Ó ń dárúkọ wọn láti ìjókòó dé ìjókòó láràárọ̀, kó lè mọ̀ bóyá orí òun ṣì pé. Èmi sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń fura.

Mo lọ bá a nínú gáráàjì, mo jẹ́wọ́. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó ní, kò sẹ́ni tó sọ nọ́ńbà náà fún òun rí? Mo ní kò sí. Ó lé ológbò kúrò lórí ìjókòó mi, ó jókòó, ó sunkún. Mo sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Ó wá bínú sí mi títí di àkókò tíì. Abọ́ púdìn méjì ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lánàá ó dá ìjókòó mi padà, a jọ yí ilẹ̀ àbàtà ká. Atẹ́gùn gba fìlà mi lọ. Nígbà tó lọ fi eyín rẹ̀ sẹ́nu, mo yọjú wo ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Beryl wà nínú ọkọ̀, máìlì mẹ́rìndínlógójì. Kò fa ìlà pupa sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni a ó wá. Káàdì ṣì wà ní títì, nítorí náà fi ogójì pọ́n-ùn owó bébà ránṣẹ́, kí o wé e sínú ìwé ìròyìn, má fi í sínú fóònù. Ilé epo tí èèyàn jókòó sí ni a ó yà, n óò sì kọ́kọ́ wo ojú ẹni náà dáadáa. Bí lẹ́tà báńkì mìíràn bá dé, n kò ní fọwọ́ kàn án. N óò kàn gbé e sójú oòrùn wò ni. Súwẹ́tà rẹ ti parí, ṣùgbọ́n má wọ̀ ọ́ súnmọ́ iná títí òórùn epo yóò fi lọ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìfura rẹ jó ohun tí olólùfẹ́ rẹ ń wá kiri. Yóò fún ọ ní ẹni tí yóò gbé ọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, tí kò ní ka ohun tí o fi wúwo sí epo tó ṣòfò.

Èmi ni ìyá rẹ,
Beryl.