Yàrá Tí Mo Wọ̀n Bí Ẹni Wọn Aṣọ

                                                  Ilé Ọmọ mi,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ náà ti ń gbé wọn? Ojú rẹ tó ń ṣe bàìbàì ló wà lọ́kàn mi jù. Ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí fún ọ, kó rọra kà á o. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Tó bá dé ibi tí ẹ̀rín wà, kó gbé e mì.

Mo ti fọ́nnu fún ọ pé tí dókítà bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú rẹ, ọ̀dọ̀ mi ni wàá dé sí, pé yàrá mi á gba àwa méjèèjì àti máṣìnì mi. Ọ̀rọ̀ yàrá yẹn ló di ìtìjú sí mi lọ́rùn.

Ibi tí mò ń sùn náà ni mo ti ń ránṣọ. Ìyàwó ọmọ mi àti káfíńtà tí à ń pè ní Kò-Sí-Wàhálà jókòó, wọ́n ya bí yàrá ṣe máa rí: bẹ́ẹ̀dì kan tí òmíràn á máa wọ abẹ́ rẹ̀ bíi dúrọ́ọ̀, tábìlì tó ń ká mọ́ ògiri, kọ́tìnnì fún ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ wò. Ó dára. Ṣùgbọ́n torí pé ìyàwó ló yà á, inú mi kò gbà á. Mo ní mo ti ń wọn ènìyàn kí ìyá rẹ̀ tó mọ ọkọ! Mo fa téèpù yọ lọ́rùn, mo wọn ohun gbogbo fúnra mi. Bẹ́ẹ̀dì ńlá kan ni mo ní kí wọ́n kàn, kó máa dúró mọ́ ògiri lọ́sàn-án, kí ìkọ́ dì í mú.

Káfíńtà ní, "Màmá, ẹ wọn ilẹ̀kùn ní ṣíṣí o."

Mo ní, "Ṣé o ti rí aránṣọ tó ń wọn ènìyàn ní jíjókòó? Ìdúró la ti ń wọ̀n ọ́n."

Ó ní kò sí wàhálà. Ìyàwó ní, "Ṣùgbọ́n Màmá, ẹni tó wọ aṣọ á ṣáà jókòó." Mo ní kó lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀ lórí iná.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀gá ilé-ìwé kan, obìnrin sìgbọnlẹ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín, wá wọ aṣọ rẹ̀ wò. Pínnì ṣì yí i ká. Ẹnu ń yún mi. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ní kó wo ọgbọ́n àgbà, mo tú ìkọ́. Gbì! Bẹ́ẹ̀dì há sáàárín ilẹ̀kùn àti ẹsẹ̀ máṣìnì. A gbé e títí, kò gbé. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú kò lè ṣí mọ́.

Ìyá Ìbejì, mo kọ̀, n kò pe ìyàwó. Mo ní ká dúró de ọmọ mi títí á fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ọ̀gá wò mí, ó ní, "Ìyá, ṣé orí yín pé?" Òun ló figbe ta. Káfíńtà wá tú nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, ọ̀gá sì rá pálá jáde. Aṣọ ya láti abíyá dé ìbàdí, níṣojú àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n pa ohùn pọ̀ kí i, "Ẹ káàsán mà!"

Ìyẹn kọ́ ni ìtìjú náà. Ìyàwó sáré fi ìró bò ó, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú mà, èmi ni mo ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀." Mo wà lójú fèrèsé, mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́. Ọ̀gá bú u, mo dákẹ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo sì wọ́ ọ.

Wọ́n ti tún yàrá ṣe bí ìyàwó ṣe yà á. Ó gbà wá dáadáa, bẹ́ẹ̀dì rẹ ti wà nílẹ̀. Ìyàwó kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ rí. Ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ọ̀rọ̀ á sì dé ètè mi, á padà.

Bá mi kí Bàbá, kí o sì kí àwọn ìbejì. Tètè máa bọ̀. Tí o bá dé, má kí mi kú iṣẹ́ yàrá. Jẹ́ kí ìyàwó wà nítòsí, kí o wá bi mí sókè pé, "Ta ló ya yàrá yìí?" Má jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́. Tí mo bá dákẹ́, tún bi mí.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
Màmá Aránṣọ.