Bẹ́ẹ̀dì Tí Bàbá Rẹ Kàn Kò Ní Bá Ọkọ̀ Yìí Wá

Ìrẹmọ, Ilé-Ifẹ̀.

Fikáyọ̀ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Kí o tó ka ìwé yìí jìnnà, kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú nílé, kò sẹ́ni tó wà ní ọsibítù, ọpẹ́ ni mo fi ń kọ ọ́. Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti Akínkúnlé ọkọ rẹ wà? Ìmísí ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí Èkó rẹ̀ yín, yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín.

Ìwé ni mo kọ torí fóònù yìí kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Bí mo bá ti ń kí yín lọ́wọ́, obìnrin kan á já lu ọ̀rọ̀ wa, á ní owó mi ti tán. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí n bi ọmọ mi léèrè ohun tó jẹ ná, kò dá mi lóhùn rí.

Nígbà tí iṣẹ́ tí o fi rán mi dé lórí wọ́sáàpù, pé ẹ ti ya yàrá sọ́tọ̀ fún Ìmísí, pé bẹ́ẹ̀dì àti àga àti àpótí àtijọ́ lo fẹ́ kó sínú rẹ̀, pé o ò fẹ́ tuntun rárá, tí o wá to àwọn ojú kékeré sí ìparí rẹ̀ tí omi ń dà lójú wọn pòròpòrò, àyà mi já. Mo ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Akínkúnlé nìyẹn. Ta ló máa rówó ra tuntun tí yóò máa wá àga tó ti gbó fún ọmọ rẹ̀? Mo pa oúnjẹ mi tì. Mo gbéra, ó di Mọdákẹ́kẹ́, lọ́dọ̀ Bàbá Oyèbánjí, bàbá ọkọ rẹ. Mo rọra fi ọ̀rọ̀ náà tó wọn létí. Wọ́n ní kí Akínkúnlé má tijú, kó máa kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ bọ̀ wálé, pé oko kòkó àwọn ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi gàrí àti epo ránṣẹ́ sí yín, tí wọ́n sì ń tù yín nínú, ẹ má bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣáà dúpẹ́.

O tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé fíńtéèjì ni kí n bá ọ wá. Mo rò pé káfíńtà kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo béèrè Fíńtéèjì lọ́wọ́ gbogbo káfíńtà àdúgbò yìí. Ọ̀kan tiẹ̀ ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa, pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́, àmọ́ ó ti kó lọ sí Ìkirè.

Fúnṣọ́, ayálégbé wa tó ń ṣe tíṣà, ló yọ mí. Mo gbé fóònù fún un, mo ní kó bá mi ka ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ yìí. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní àwọn ojú yẹn kò sunkún o, ẹ̀rín ló pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó ní fíńtéèjì kì í ṣe èèyàn, ohun èlò àtijọ́ tó ṣì lẹ́wà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé àwọn olówó gan-an ló ń wá a kiri. Fikáyọ̀, ara mi wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo jẹ oúnjẹ tí mo ti pa tì, mo tún bu òmíràn lé e.

Bí mo ṣe ṣí yàrá ẹ̀yìn nìyẹn. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì ìrókò tó ní ọ̀pá yí ká jáde, èyí tí bàbá rẹ fi ọwọ́ ara wọn kàn nígbà tí mo lóyún rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi kùn ún ṣì wà lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo nù ún, mo gbé e sójú oòrùn, inú mi ń dùn pé Ìmísí máa sùn sórí ohun tí ìyá rẹ̀ sùn sí. Ṣàkírátù aránṣọ, aládùúgbò wa, gbé Abdulrauf ọmọ rẹ̀ wá wò ó. Ẹgbẹ́ Ìmísí ni ọmọ náà. A yíjú sí àpótí báyìí, a gbọ́ igbe. Abdulrauf ti ti orí bọ àárín ọ̀pá bẹ́ẹ̀dì, orí wọlé, kò jáde mọ́.

Ṣàkírátù fà á lẹ́yìn, èmi tì í níwájú, etí ò gbà. Ẹnìkan gbé epo pupa wá, a fi kun orí rẹ̀, ó kàn ń yọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ ni. Ọmọ náà sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. A ránṣẹ́ pe Àlíyù káfíńtà, ó dé tòun ti ayùn. Àmọ́ kò lè gé e, ó dúró, ó ń wo ojú mi, torí ó mọ ẹni tó kàn án. Mo wo àwọn ọ̀pá tí bàbá rẹ fá títí wọ́n fi ń dán, mo wo ojú ọmọ ọlọ́mọ, mo ní, “Àlíyù, gé e. Ẹni tó kàn án ì bá ti gé e kó o tó dé.” Ṣàkírátù fi ọwọ́ méjèèjì bo etí ọmọ rẹ̀, Àlíyù gé ọ̀pá náà, orí jáde, Abdulrauf sì béèrè búrẹ́dì. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, èmi náà jókòó tì í.

Ó wá ń yà mí lẹ́nu pé gbogbo ẹ̀yin ọmọ mi lẹ sùn sínú nǹkan yìí, orí ẹnìkankan ò há. Ó jọ pé orí yín tóbi ju tàwọn ọmọ ìsinsìnyí lọ.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀dì náà kò ní bá ọkọ̀ tó ń kó ẹrù yín bọ̀ yìí wá. Àlíyù ní òun lè fi ọ̀pá kún un kí àárín wọn má fẹ̀ mọ́, mo ní rárá, kó wà nílé, èmi ni n ó máa to ìdì aṣọ mi sórí rẹ̀. Ra bẹ́ẹ̀dì tuntun fún Ìmísí, má jiyàn. Àpótí ń bọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ní kí wọ́n yọ ìdérí rẹ̀, kó má baà já lu ọwọ́ ọmọ, kí ọmọ má sì kó sínú rẹ̀ dé ara rẹ̀ mọ́bẹ̀. Àga alápá tí bàbá rẹ máa ń gbé ọ jókòó lé náà ń bọ̀. Fúnṣọ́ ní ọ̀dà àtijọ́ kò dára lẹ́nu ọmọdé, torí náà a fá a kúrò pátápátá, a sì fọ̀ ọ́. Mo fi abẹ́rẹ́ tọ gbogbo ihò ara rẹ̀, kò sí kòkòrò. Mo jókòó lé e, mo mira síwá sẹ́yìn, kò tilẹ̀ dún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún awakọ̀ ní owó ọkọ̀ tó bá dé, ẹ sì fi ti Àlíyù ránṣẹ́ sí mi, àti ti ẹran díẹ̀ tí n ó fi bẹ Ṣàkírátù. Sínú fóònù Fúnṣọ́ ni kí ẹ fi í sí o. Ojú fóònù tèmi ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, owó lè gba ibẹ̀ jò dànù kó tó dé ọwọ́ mi.

Ọlọ́run yóò fi ẹ̀rín kún yàrá tí ẹ gbé àga yìí wọ̀. Bí o bá gbé Ìmísí lé e lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa fì lókè. Yóò dàgbà níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kanlẹ̀, èmi náà yóò sì fojú ara mi rí i.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.