Ẹ̀yìn Pákó Ilé Onítáyà Wa

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo nírètí pé ara yín le, pé ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ tí o bá gbé àpò ìyẹ̀fun ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀, àti pé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní ilé búrẹ́dì. Bí o bá béèrè tèmi, ara mi yá. Ọkàn mi ni kò jókòó. Láti àárọ̀ tí mo ti fẹ́ kọ lẹ́tà yìí, mo ti dìde nígbà mẹ́fà lọ wo ojú ọ̀run, mo sì ti ya ìwé mẹ́ta. Èyí ni ìkẹrin. Bó ti wù kó rí, òun ni màá fi ránṣẹ́.

Oṣù mẹ́jọ rèé tí o kò ti tẹsẹ̀ bọ ilé mi. Ò ń pe Màmá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Màmá á fi fóònù lé mi lọ́wọ́, ìwọ á ní, "Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé dáadáa ni?" Èmi á ní dáadáa ni. Ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀, bí èèyàn méjì tó pàdé lórí àtẹ̀gùn báǹkì. Màmá kò dá sí i. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ó ní kí n fa aṣọ fèrèsé sẹ́yìn kí òun lè rí ilé onítáyà náà ní ẹ̀yìnkùlé, tírélà kékeré tí ìwọ àti èmi fi ọwọ́ ara wa kàn. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣèlérí pé màá sun inú ẹ̀ létí omi. Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Mi ò sì ní wọ̀ ọ́ bí kì í bá ṣe àbúrò ẹ ló ń fi mọ́tò fà á. Ìwọ máa ń sáré jù."

Ọ̀rọ̀ Màmá ló lé mi dé ìdí ògiri ọ̀tún rẹ̀ tó ti bàjẹ́. Mo fẹ́ tún un ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kí n má purọ́, mo tún fẹ́ tún un ṣe láìsí ìwọ níbẹ̀, kí n lè sọ fún Màmá pé a lè ṣe é láìsí ẹni tí fèrèsé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn ń jò. O mọ bí ògiri ọ̀tún ṣe rí nígbà tí o rí i kẹ́yìn: àbàwọ́n dúdú kan tó gùn láti ìsàlẹ̀ dé abẹ́ fèrèsé, fáníìṣì tó ń ṣí bí awọ ara tí oòrùn jó. Ó ti burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ra sáńpépà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Mo rò pé ìdọ̀tí lásán ni, pé bí mo bá ha á mọ́, tí mo kun fáníìṣì tuntun lé e, ó parí. Ìwọ ìbá ti sọ fún mi pé awẹ́ òkè puláìwúùdù, pákó tí wọ́n lẹ̀ ní awẹ́ awẹ́, kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Kí n tó mọ̀, mo ti ha á dé awẹ́ kejì, ojú pákó náà sì wá dà bí orúnkún ọmọ tó ṣubú sórí kọnkéré.

Ìgbà náà ni mo lọ pe Bàbá Káfíńtà, àgbàlagbà tó ń kan àga ní òpópónà kejì sí wa. Ó dé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Mo ní, "Bàbá, irinṣẹ́ ńkọ́?" Ó ní, "Aláìsàn ni mo kọ́kọ́ wá wò. Ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣe é kí n tó gbé ọ̀bẹ." Ó wá ń fi oríkèé ìka kan ògiri náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó fi etí tì í bíi dókítà. Ògiri òsì, èyí tí ìwọ kùn, ń dáhùn kó, kó, kó. Ògiri ọ̀tún, tèmi, dáhùn kó lókè, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ Bàbá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń di bù, bù, bí ẹni ń kan ìrọ̀rí. Níbì kan, ìka rẹ̀ wọlé. Ó yọ ọ́, ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Ìyá, ògiri yín ti di búrẹ́dì tí wọ́n rì bọ tíì."

A tú u. Èmi ni mo kúnlẹ̀ ṣí àwọn síkúrù ìsàlẹ̀, òun ń ṣí tòkè. Nígbà tí pákó àkọ́kọ́ bọ́, Bàbá dojú rẹ̀ délẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Fáníìṣì kankan kò sí lẹ́yìn pákó náà. Kò sí ní etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ náà, níbi tí omi títì ti ń ta sí i tí mọ́tò bá ń fà á. Àwọn awẹ́ rẹ̀ ti là bí ojú ewé ìwé tó bọ́ sómi. Omi náà kò wá láti ojú fèrèsé rárá. Ìsàlẹ̀ ló gbà wọlé, ó ń gun inú pákó lọ sókè díẹ̀díẹ̀ bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà, fáníìṣì tí mo kùn síwájú kò sì jẹ́ kó rọ́nà jáde. Bàbá Káfíńtà ní ká ṣí pákó kan lára ògiri òsì, kí òun fi wé e. Ẹ̀yìn tìrẹ ń dán. Etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dán. Mo rí ojú ara mi fírífírí nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ràn ohun tí mo rí.

Bàbá bi mí pé, "Ta ló kun ti òsì yìí?" Mo ní àbúrò mi ni. "Ta ló wá kun ti ọ̀tún?" Gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Mo ní, "Ẹnì kan tá a háyà ni." Ó mi orí. Ó ní, "Onítọ̀hún, ojú ló kùn, kò kun ilé." Mo ní mò ń lọ mu omi. Mo bu omi náà tán, mo gbé e dúró lọ́wọ́, mi ò mu ún.

O mọ̀ pé mo ní ìwé tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ sí. Mo lọ ṣí ti ọdún méjì sẹ́yìn. Kì í ṣe òtítọ́ ni mo lọ wá níbẹ̀, àwáwí ni. Mo rò pé bóyá fáníìṣì ló tán lọ́jọ́ náà, bóyá ìwọ lo sọ pé kò pọn dandan. Ohun tí mo bá níbẹ̀, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, nìyí: "Mo parí ògiri tèmi kí aago méjìlá tó lù. Ìgbín ṣì wà lórí pákó kan ṣoṣo, ó ń kun ẹ̀yìn rẹ̀. Mo bi í pé ta ni yóò rí ẹ̀yìn pákó, ṣé eku ni? Ó ní, 'Omi á rí i, ẹ̀gbọ́n mi.' A rẹ́rìn-ín." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kì í ṣe òótọ́ pé a rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́rin lo fi kun tìrẹ, èmi ni mo sì sọ ọ́ ní Ìgbín lójú Màmá àti lójú ìyàwó rẹ, títí orúkọ náà fi mọ́ ọ lára. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó ní ilé ìtẹ̀wé, tí mò ń wá àṣìṣe nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn. Wo èyí tó wà nínú ìwé tèmi.

Mo wá rántí ọjọ́ náà, ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, tí mo pè ọ́ wá wo àbàwọ́n dúdú náà. Mo ní fèrèsé rẹ ló ba ògiri mi jẹ́. Mo ní ẹni tó ń lọ́ra tó bẹ́ẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì dára, kí ló ń pẹ́ sí? Ìyàwó rẹ dúró níbẹ̀. O bẹ̀rẹ̀, o fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ pákó náà, o nu ìka rẹ sára ṣòkòtò, o ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi." O wọ mọ́tò, o lọ. Ohun tí kò jẹ́ kí n jókòó gan-an nìyí: kí ni ìka rẹ bá níbẹ̀? Mo rò pé o mọ̀. Mo rò pé lójú ẹsẹ̀ lo ti mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni omi gbà wọlé, o sì tọrọ àforíjì ohun tí o kò ṣe, nítorí pé èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé o bọ̀wọ̀ fún mi ni, àbí ọ̀rọ̀ mi ti sú ọ? Mo ti ka ìwé púpọ̀ tí àwọn èèyàn ti jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n ṣe, ara sì máa ń tu gbogbo wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni mi ò fọkàn tán. Ta ni ìjẹ́wọ́ wà fún, ẹni tó sọ ọ́ ni àbí ẹni tó gbọ́ ọ? Mi ò tíì rí ìdáhùn. Mò ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Mo ra pákó tuntun márùn-ún. Mo kùn wọ́n bí ìwọ ṣe máa ń ṣe é: iwájú, ẹ̀yìn, etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ọjọ́ kan gbáko láàárín ìkùn kan àti èkejì. Má rò pé mo ti di onísùúrù. Mo fi ìka tẹ ìkùn kejì wò kó tó gbẹ, àpá ìka mi ṣì wà lára pákó kẹta títí di ìsinsìnyí. Bàbá Káfíńtà dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà, ó ń wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Ìyá, ẹni tẹ́ ẹ háyà yẹn, ṣé ọlọ́wọ́ òsì lòun náà?" Mo wo búrọ́ọ̀ṣì tó wà ní ọwọ́ òsì mi. Mo wo pákó àtijọ́ náà nílẹ̀. Apá kan náà ni ipa búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ sí lára àwọn méjèèjì. Mo ní, "Bàbá, èmi ni." Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tá a tú u. Mo kàn fẹ́ mọ iye ọjọ́ tó máa gbà yín ni." Lọ́jọ́ yẹn kan náà mo wọlé lọ sọ fún Màmá. Màmá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Mo ti gbọ́. Ṣé èmi lo wá ṣẹ̀?"

Àwọn pákó náà ti gbẹ. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ ti ògiri yàrá ìjókòó mi, gbogbo ilé ń rùn fáníìṣì. Ó yẹ ká ti dè wọ́n mọ́ àyè wọn láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Èmi ni mo ní ká dúró. Ìdí ni pé bá a bá dè wọ́n tán, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ mọ́. O lè wá lọ́jọ́ kan, kí o ní ó dára, kí a sì máa bá ayé lọ, kí fèrèsé rẹ tí mo ní ó ń jò sì wà láàárín wa títí láé. Mo fẹ́ kí o fi ojú ara rẹ rí ẹ̀yìn àwọn pákó àtijọ́ mi. Mo tò wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé, mo dojú wọn délẹ̀. Egungun ògiri náà wà lóde gbayawu, tapólì nìkan ni mo ta bò ó. Inú Bàbá Káfíńtà kò dùn. Ó ní, "Ìyá, òjò ò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, màá dè é, ẹ fẹ́ ẹ kọ̀." Ojú ọ̀run ti ń ṣú láti àná. Ohun tí mò ń dìde lọ wò nìyẹn.

Wọ́n ní àgbà kì í kúnlẹ̀ bẹ ọmọdé. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀ nídìí àwọn síkúrù ìsàlẹ̀ yẹn, kò jìnnà sí mi mọ́. Má bínú, àbúrò mi. Fèrèsé rẹ kọ́ ló ba ògiri jẹ́. Ọwọ́ mi ni. Jọ̀wọ́, ka ibí yìí sókè fún ìyàwó rẹ, torí ojú rẹ̀ ni mo ti fi ẹ̀sùn àkọ́kọ́ kàn ọ́. Mi ò ní kí o wá torí pé mo bẹ̀ ọ́. Bí inú rẹ kò bá tíì rọ̀, dúró. Bàbá á de ògiri náà, màá sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí o bá máa wá, wá kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣú.

Kí iná ààrò rẹ má kú. Kí ìyẹ̀fun tí o bá pò máa wú. Kí àwọn ọmọ rẹ máa gbọ́ ara wọn yé nígbà tí wọ́n bá dàgbà, kí èyí ẹ̀gbọ́n máa gbọ́ ti èyí àbúrò. Kí Ọlọ́run dá Màmá sí kó lè sùn létí omi, kí ìwọ sì wà nídìí mọ́tò.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, ẹni tó máa ń sáré jù.

Àfikún: Fèrèsé rẹ ṣì wà nínú férémù rẹ̀ lára egungun ògiri. Lánàá mo da omi garawa méjì lù ú kí n lè kọ ọ́ síbí pé kò jò rárá. Ó jò. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ni, ní igun òsì, ó sì gbẹ kí n tó rí àkísà. Mo rò ó títí bóyá kí n má kọ ọ́, kí ẹ̀bẹ̀ mi lè dán dáadáa. Àmọ́ iwájú nìkan ni mo tún fẹ́ kùn yẹn. Torí náà bí o bá ń bọ̀, mú gọ́ọ̀mù fèrèsé dání.